Báàgì Tó Ti Ìlú Òyìnbó Dé

Tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi okùn yí báàgì rẹ̀ ká tán nígbà tí àwọn òbí tó wá wo kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ìlú òyìnbó ló ti kọ́ ọ lóṣù tó kọjá, bí wọ́n ṣe ń sọ kíláàsì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kí ọmọ lè kọ́ ìtàn lára ẹrù. Báàgì tó gbé lọ ló fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó kọ ọ́ sára páálí pé: Ẹ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN.

Ìyá Ruqoyah, aránṣọ ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ ní Joju, kà á, ó sì bọ́ bàtà.

"Ẹ wọ bàtà yín, mà. Báàgì lásán ni."

"Ṣé wọ́n dá a padà ní ẹ́pọ́ọ̀tù lọ́hùn-ún?"

"Rárá o."

"Ó yé mi, tíṣà."

Ó yọ pásípọ́ọ̀tù ọmọ rẹ̀ tó ń wá físà nínú àpò, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì náà, kò jẹ́ kó kàn án. Díákónì Afọlábí, tí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà nínú ilé iṣẹ́ ọṣẹ tó ti kógbá wọlé, gbé tirẹ̀ tẹ̀ lé e, ó dijú. Kí agogo mọ́kànlá tó lù, ìlà ti kọjá géètì dé títì. Àwọn ọmọ kíláàsì ló ń pín nọ́ńbà.

Tíṣà pariwo pé báàgì lásán ni títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìgbà náà ni fóònù rẹ̀ dún. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni apá kejì ẹ̀kọ́ náà, àwọn ẹ́ḿbásì sì kọ̀wé pé àwọn ò ní fún un ní físà lọ́tẹ̀ yìí. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo báàgì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀.

"Ẹ má bínú, tíṣà," ni Ìyá Ruqoyah wí, "ẹ̀yìn lọ́hùn-ún lẹ ó tò sí."