Pátákó Orí Afẹ́fẹ́

Èjìdé, ìyá Gàfárù, ará Bẹyẹrúnkà, ni wọ́n rẹ́ jẹ, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1979 títí di ìparí rẹ̀, Comfort sì ti búra pé ọ̀rọ̀ náà kò ní lọ bẹ́ẹ̀.

Comfort ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni. Iṣẹ́ tó rí nílé iṣẹ́ rédíò kan ni pé kó máa gba ohùn sórí téépù fún ètò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí wọ́n ń pè ní Pátákó Orí Afẹ́fẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀wálé ni tíṣà ibẹ̀. Wọ́n ti pín rédíò àti ìwé ABD fún àwọn agboolé kan l'Ọ́jà'ba, ní Bẹẹrẹ, ní Yemẹtu, káwọn àgbàlagbà lè máa jókòó yí i ká nírọ̀lẹ́ kí wọ́n sì kẹ́kọ̀ọ́. Níbẹ̀rẹ̀, kò rọgbọ. Tíṣà ń dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá, kò rójú ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì rójú rẹ̀. Oorun ń gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ní agboolé kan l'Ọ́jà'ba, wọ́n á yí rédíò síbi tí wọ́n ti ń kọrin, bí alábòójútó bá dé, wọ́n á ní ohùn Tíṣà kò wọlé dáadáa.

Ìgbà yẹn ni Ọlábọ̀wálé mú Èjìdé wá. Ó sọ fún Comfort pé òṣèré ni, pé òun rí i l'Ógùnpa níbi tó ti ń ta ìgbálẹ̀.

Lórí afẹ́fẹ́, Gbàgbé ni wọ́n ń pè é, akẹ́kọ̀ọ́ tí nǹkan kan kì í wọ̀ lórí. Tíṣà á kọ lẹ́tà bí tó wà nínú ìwé wọn sójú pátákó, Gbàgbé á pè é ní dí. Tíṣà á mí kanlẹ̀, á ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ bá mi dá a lóhùn." Kò pẹ́ tí ìròyìn fi ń wọlé pé àwọn èèyàn ń pariwo ìdáhùn mọ́ rédíò. Bàbá arúgbó kan ní Yemẹtu tilẹ̀ na ọ̀pá sí i. Kò sẹ́ni tó ń sùn mọ́. Oníkálukú ń kẹ́kọ̀ọ́ kó má baà dà bíi Gbàgbé.

Lẹ́yìn gíláàsì yàrá ìgbohùn, Comfort á fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín rẹ̀ má baà wọnú téépù. Ohun tó yà á lẹ́nu jù ni pé àwọn òṣèré ètò mìíràn máa ń mú ìwé eré dání wá, ṣùgbọ́n Èjìdé kì í gbé ìwé kankan dání. Bó bá ṣe bọ́ sí i lẹ́nu ló ń sọ ọ́.

Tí wọ́n bá parí, Ọlábọ̀wálé á gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Gàfárù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ yín nílé o. Wọ́n á bà á jẹ́ ni."

"Mo gbọ́, Tíṣà. Ó ku díẹ̀, àbí?"

"Ó ku díẹ̀."

Lọ́jọ́ kan, Èjìdé ka ọ̀rọ̀ náà, bàbá, lójú pátákó láìkọsẹ̀, ojú rẹ̀ sì tàn. Ọlábọ̀wálé ju ọwọ́ sí Comfort pé kó dá téépù dúró, ó ní wọn kò lè lo ìyẹn. Ó nu bàbá kúrò lójú pátákó, ó kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan tí ètò náà kò tíì dé rárá, ó ní kí wọ́n tún un gbà. Ìmọ́lẹ̀ náà kúrò lójú obìnrin náà. Comfort rò ó pé ẹni tí àṣìṣe kékeré dùn tó báyìí fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Ó tún rí i ní Bẹẹrẹ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lórí. Àwọn télọ̀ méjì tó dá ohùn rẹ̀ mọ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Gbàgbé, bí ni àbí dí?"

"Má da ìyá láàmú. Wọ́n á gbàgbé ọ̀nà ilé."

Èjìdé dorí kodò, ó tún ìró rẹ̀ so, ó kọjá. Lọ́jọ́ kejì, Comfort ròyìn níbi iṣẹ́ pé obìnrin yẹn kì í bọ́ eré sílẹ̀, kódà lójú títì. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọdún ń parí lọ, wọ́n ṣètò àjọyọ̀ sí Gbọ̀ngàn Mápó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ orúkọ ara wọn lójú gbogbo èèyàn, wọn yóò sì fún Ọlábọ̀wálé ní àmì ẹ̀yẹ. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ Èjìdé. Ojú ti Comfort nítorí ilé iṣẹ́ náà. Ó lọ bá Ọlábọ̀wálé.

"Fi obìnrin yẹn síbi tó wà," ọkùnrin náà wí, kò gbójú sókè.

"Ohùn tirẹ̀ nìlú ń gbọ́, sà. Orúkọ tiyín ni wọ́n fẹ́ pè."

"Comfort, o ò mọ ohun tí ò ń dá sílẹ̀."

Comfort ní òun mọ̀ ọ́n, pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fáwọn tálákà nìyẹn. Ó gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà lọ, ó ní bí Èjìdé kò bá gun orí pèpéle ní Mápó, òun kò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Ọ̀gá gbà. Comfort fúnra rẹ̀ ló lọ jíṣẹ́ ní Bẹyẹrúnkà.

Ohun kan ṣoṣo ni Èjìdé béèrè. "Ṣé Tíṣà ló ní kí n wá?"

Comfort ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Á jẹ́ pé ó ti tó àkókò," ó wí, ó sì wọlé lọ wá aṣọ tó dáa.

Gbọ̀ngàn kún lọ́jọ́ náà. Àwọn ìyá àgbà kọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún wọn. Comfort wá gba gbohùngbohùn, ó ní ẹni tó mú kí gbogbo wọn jókòó ti rédíò wà níbí, ó sì pe Gbàgbé. Gbogbo ilé dìde. Comfort fi ṣọ́ọ̀kì lé Èjìdé lọ́wọ́, ó ní kí òun náà kọ orúkọ rẹ̀.

Èjìdé dúró síwájú pátákó títí. Ó fa ìlà kan, ó dáwọ́ dúró. Ẹ̀rín bú. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Bí ni àbí dí?" Comfort ń rẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́. Ọlábọ̀wálé nìkan ló ń wo bàtà ara rẹ̀.

Èjìdé yíjú sí i, ó na ṣọ́ọ̀kì náà sí i, ó ní, "Tíṣà, ẹ ní tí mo bá lè fara da ẹ̀rín wọn, ẹ máa kọ́ mi kí ọdún tó parí, ọdún ti parí, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi."