Igbó Tíṣà

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ kò tíì lù nígbà tí àlejò méjì dé sí ilé-ìwé àtijọ́ náà: bàbá arúgbó kan tó ń tẹ̀pá, àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó fi ọkọ̀ gbé e wá. Ó ti pẹ́ tí ọmọ kankan ti kàwé níbẹ̀ gbẹ̀yìn. Ìlú ti sọ yàrá kan ṣoṣo náà di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n sì fi obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún kan ṣe olùtọ́jú rẹ̀. Òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń mú àlejò káàkiri, òun náà ló ń lé ewúrẹ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ara olùtọ́jú kò balẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Àwọn agégẹdú tún ti kọ lẹ́tà sí ìlú nípa igbó tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé. Lọ́jọ́ Ẹtì làwọn àgbà máa jókòó láti fún wọn lésì, ẹ̀rù sì ń bà á pé èsì ọ̀tẹ̀ yìí lè yàtọ̀.

“Ẹ káàbọ̀ o,” ni ó wí. “Ẹ rọra, Bàbá, àtẹ́rígbà yẹn…”

Bàbá ti tẹrí ba kó tó parí ọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ ni kò tẹrí ba, àtẹ́rígbà sì fún un ní tirẹ̀ níwájú orí.

“Pẹ̀lẹ́ o, Àǹtí. Gbogbo ẹni tó bá ga ló ń san owó orí níbẹ̀ yẹn.”

Ọmọbìnrin náà ń fọwọ́ ra iwájú orí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. “Dádì ló ní ká wá o. Láti ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò ti jẹ́ kí n sinmi. Ẹ tún wá wò wọ́n, bíi pé wọ́n fẹ́ pè wọ́n síwájú kí wọ́n wá jẹgba.”

Ìwé àlejò wà lórí tábìlì, níbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé ti máa ń kọ orúkọ rẹ̀. Olùtọ́jú wo bàbá fúngbà díẹ̀. Kò gbé ìwé náà síwájú ẹnikẹ́ni.

Ó fi bẹ́ńṣì mẹ́jọ hàn wọ́n, àti àwọn síléètì, àti agogo tí ẹnu rẹ̀ ti sán. Ọmọbìnrin náà ló béèrè ìdí tí wọ́n fi kọ “Igbó Tíṣà” sára pátákó tó wà níta.

Olùtọ́jú ti sọ ìtàn náà débi pé ó lè sọ ọ́ lójú oorun. “Ọdún kọkànlélógójì rèé,” ni ó wí. “Ọmọ kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ò délé lẹ́yìn tí wọ́n jáde ilé-ìwé. Tíṣà bá wọ igbó lọ láti wá a. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ dé, Tíṣà ò dé. Ọmọ náà ní òun gbọ́ ohùn wọn níbi tí wọ́n ti ń pe òun nínú igbó lọ́hùn-ún. Oṣù mẹ́ta ni ìlú fi wá wọn, wọn ò rí bàtà wọn pàápàá. Ni wọ́n bá fẹnu kò pé bí igbó bá ti di ibojì Tíṣà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gé igi níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin làwọn agégẹdú ti wá. Ohun kan ṣoṣo tó ń dá wọn padà náà nìyẹn. Wọn ò lè gbé katapílà gba orí òkú èèyàn.”

“Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́?” Bàbá ló béèrè.

“Wọn ò fẹ́ ọkọ míì. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi ń wá jókòó létí igbó, tí wọ́n á máa sọ fún ọkọ wọn bí ọjọ́ ṣe lọ. Ọkọ wọn kú níbi tó ti ń wá ọmọ ọlọ́mọ. Orí wọn máa ń wú tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Ìgbàgbọ́ yẹn náà ni wọ́n gbé dé sàréè.”

Bàbá jókòó. Orí àga tíṣà ló jókòó sí, olùtọ́jú kò sì ní kó dìde.

Nígbà tí wọ́n wọ inú igbó, ọmọbìnrin náà sáré ṣíwájú, ó ń fi fóònù ya ẹyẹ. Ilẹ̀ tutù, àwọn igi ti kó orí jọ, odò sì ń ṣàn kedere lábẹ́ wọn. Bàbá dúró.

“Màdáámú,” ni ó wí, “ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí kì í jẹ́ kí n sùn. Mo ti darúgbó, mi ò fẹ́ gbé e lọ sọ́run. Bí ẹnì kan bá dìde lónìí, tó ní Tíṣà ò kú síbí ńkọ́?”

Olùtọ́jú kò wo ojú rẹ̀. “Katapílà á wọlé lọ́jọ́ kejì, Bàbá. Odò yìí ni gbogbo ìlú ń mu, ìbòòji igi wọ̀nyí ni kò jẹ́ kó gbẹ. Ọ̀rọ̀ tó máa tu ẹnì kan lára, tó máa tú ìlú ká, ta ló fẹ́ gbọ́ ọ?”

“Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni.”

“Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.”

Omi bọ́ lójú bàbá. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra, kò sì lè fi pa mọ́. Ó wo ọ̀kánkán ibi tí obìnrin kan fi ọdún mọ́kàndínlógún jókòó sí.

“Ẹ má bínú,” ni ó wí níkẹyìn. “Mo kàn ń rò ó ni.”

Ọmọ rẹ̀ lọ gbé ọkọ̀ wá. Olùtọ́jú di bàbá lápá mú, wọ́n rọra ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé-ìwé. Ó bojú wẹ̀yìn láti rí i pé kò sẹ́ni tó lè gbọ́ wọn.

“Èmi ni ọmọ ọjọ́ náà, Tíṣà,” ni ó wí, “mo sì rí yín nígbà tí ẹ̀yin àti obìnrin kan ń wọ ọkọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìyàwó yín lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí léèrè ibi tí ẹ wà.”