Òdòdó Tó Bo Ojú Azeezat

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀. Kò gùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fóònù, tí ọmọ ọlọ́mọ sì ń wọlé tọ̀ yín, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

1.
Àǹtí Ṣèyílọ́lá ló ni ilé ìkàwé kan l'Áwóyáyà, yàrá kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọmọ àwọn bíríkìlà àti lébìrà ló ń wá kàwé níbẹ̀ ní Sátidé. Ọ̀fẹ́ ni. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó ń ṣe dáadáa. Àmọ́ péèjì kan ṣoṣo ló ní lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Fọ́tò àwọn ọmọ níbẹ̀, fọ́tò tiẹ̀ náà níbẹ̀: bàtà tuntun, ìrẹsì tó jẹ. Láíìkì lèrè ẹ̀.

2.
Bàṣírát ń ru kọ́ńkéré ní Lakowe. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Azeezat, ọmọ ọdún méje. Lọ́jọ́ tó mú un wá, ó ní:

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ojú ọmọ mi síta o."

"Hà, Ìyá Azeezat! Ṣé mo fẹ́ tà á ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ ṣáà má gbé e."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gé e sí méjì. Màá gbé e, àmọ́ màá fi òdòdó inú fóònù bo ojú ẹ̀. Ó parí."

Bàṣírát fi ọmọ sílẹ̀, ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Ẹni tí wọ́n ń ṣe lóore kì í lè ná ọjà dópin.

3.
Wọ́n wá ṣe Ọjọ́ Oríkì. Ọmọ kọ̀ọ̀kan dìde, ó ki ara ẹ̀.

"Àbẹ̀ní, ọmọ ẹlẹ́yẹlé méjì lórí àjà," Azeezat wí. "Ìyá àgbà ló máa ń kì mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti kú."

Àǹtí ya fọ́tò. Ó fi òdòdó yẹ́lò bo ojú ọmọ, ó mú ìlérí ẹ̀ ṣẹ. Ó wá kọ orúkọ ọmọ sábẹ́ ẹ̀, ó kọ oríkì ẹ̀ tán pátá, ó kọ "gbogbo Sátidé, aago mẹ́wàá, Awóyáyà." Irínwó láíìkì.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ ṣe ọjọ́ ìbí ní VGC, àdúgbò àwọn olówó. Fóònù ní òun ti kún. Ó pa fọ́tò àwọn ọmọ rẹ́. "Ṣebí ó ti wà lójú péèjì." Ó fara ti mọ́tò olówó, ó ya àádọ́rin fọ́tò.

4.
Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan wọlé, ó mú bísíkíìtì dání.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí. Àbúrò bàbá Azeezat ni mí. Ìyá ẹ̀ ní kí n wá mú un."

"Mi ò mọ̀ yín rí, sà."

Kò bá a jiyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀: "Àbẹ̀ní! Ọmọ ẹlẹ́yẹlé méjì lórí àjà!"

Azeezat dìde. Látìgbà tí ìyá àgbà ti kú, kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ mọ́ nílé. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ di ọwọ́ ọkùnrin náà mú. Ọkàn Àǹtí balẹ̀. Ta ló máa mọ oríkì ọmọ bí kì í bá ṣe ẹbí? Ó ti gbàgbé pé òun lòun gbé oríkì náà síta. Ọkùnrin náà àti ọmọ wọ bọ́ọ̀sì kòròpè tó ń lọ sí Ajah.

5.
Aago méjì, Bàṣírát dé, sìmẹ́ńtì wà nírun ẹ̀.

"Azeezat ńkọ́?"

"Àbúrò bàbá ẹ̀ ti wá mú un."

"Bàbá ẹ̀ ò ní àbúrò."

Bàṣírát fa Àǹtí lọ́wọ́ jáde. Ní tééṣàn, ọlọ́pàá ní kí wọ́n mú fọ́tò ọmọ wá. Fóònù tọ́ọ̀ṣì ni ti Bàṣírát, kì í ya fọ́tò. Àǹtí ṣí péèjì ẹ̀.

"Màdáámú, ẹ mú òdòdó yìí kúrò."

"Kò ṣeé mú kúrò, sà."

"Èyí tí ò ní òdòdó dà?"

Àǹtí wá a títí nínú fóònù ẹ̀. Ara ẹ̀ ló ń rí, àádọ́rin.

Èyí tó ní òdòdó ni wọ́n tẹ̀ sórí pósítà. Ó ṣì wà lára ògiri ní Lakowe: gáùn, ẹsẹ̀ méjì, òdòdó yẹ́lò. Wọn ò tíì rí Azeezat. Àwọn èèyàn ṣì ń tẹ láíìkì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú nìkan kọ́ lọmọ. Orúkọ ẹ̀, oríkì ẹ̀, ibi tó ń lọ àti aago tó ń lọ, kọ́kọ́rọ́ ni gbogbo ẹ̀. Tí ìyá ọmọ bá ní ẹ má gbé e, ẹ má bá a ná an. Àìmẹ́nu, àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.