Dẹ́rẹ́bà, Ẹ Má Dúró

"Dẹ́rẹ́bà, ẹ má dúró o! Ẹ sáré sí i!"

Mosúnmọ́lá ló ń pariwo jù nínú bọ́ọ̀sì.

Pijó funfun kan ló ń lé wọn bọ̀, ó ń fọn fèrè kíkankíkan, wọn ò sì tíì dé Ìlọrà.

Láti ìgbà tí ogun ti parí, ta ni kò tíì gbọ́ nípa àwọn olè ojú ọ̀nà?

Ọmọkùnrin kékeré tó wà lórí itan rẹ̀ ń sunkún, ó ń nawọ́ sẹ́yìn.

"Màmá!"

"Dákẹ́, ọkọ mi. Màmá wà níbí."

Mosúnmọ́lá fi ara bo ọmọ náà. Bí wọ́n bá yìnbọn, kó bá ẹ̀yìn òun, kó má bá ọmọ yìí.

Pijó yà wọ́n sílẹ̀, ó dábùú ọ̀nà.

Bọ́ọ̀sì dúró gìrì. Mosúnmọ́lá di ojú, ó gbá ọmọ mọ́ra.

Ìbọn ò dún.

Obìnrin kan ló bọ́ sílẹ̀, láìwọ bàtà, láìwé gèlè, ohùn rẹ̀ ti há.

"Ọmọ mi dà?"

Mosúnmọ́lá mọ ojú yẹn. Ní gáréèjì Fìdítì, nígbà tí èrò ń ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin yìí ló gba ojú fèrèsé gbé ọmọ náà fún un:

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e dání, mò ń wọlé bọ̀."

Gbogbo èrò Mosúnmọ́lá ni pé ìyá ọmọ ti ráyè jókòó lẹ́yìn.

Àṣé inú mọ́tò tí òun ní kí wọ́n sá fún ló wà.