Ààwẹ̀ Láìfẹnu Kan Omi

Egbò wẹ́wẹ́ tí ń ta bí ata yọ sí Kíkẹ́lọmọ lójú ara.

Dókítà ní hápíìsì ni, àrùn tí ìbálòpọ̀ ń kó ranni, ó sì fún un ní oògùn oníhóró.

"Ẹ máa mu omi púpọ̀ sí i, kí ó má baà ba kíndìnrín yín jẹ́."

Ṣùgbọ́n Àkàndé ọkọ rẹ̀, alàgbà ìjọ ní Oregbeni, fi oúnjẹ àti omi dù ú.

"Alágbèrè! Ta ló kó o ràn ọ́? Ààwẹ̀ láìfẹnu kan omi ni wàá gbà títí wàá fi jẹ́wọ́. Itọ́ ni kí o fi gbé oògùn rẹ mì."

"Bàbá Ayọ̀mikún, mi ò mọ ọkùnrin mìíràn."

"Èṣù ló ń fọhùn yẹn!"

Obìnrin náà ń fi itọ́ gbé oògùn mì. Ọkọ jókòó tì í, ó ń ka Sáàmù, ó ń mu omi tútù.

Nígbà tí ojú Kíkẹ́lọmọ wú, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dá, àwọn aládùúgbò gbé e padà sọ́dọ̀ dókítà. Àkàndé tẹ̀lé wọn.

Dókítà rí Àkàndé, ẹnu yà á.

"Alàgbà! Ìyàwó yín nìyí? Oògùn tí ẹ̀yin náà ti ń gbà lọ́wọ́ mi kí ẹ tó gbéyàwó, tí ẹ kì í fi omi rẹ̀ ṣeré, ẹ ò ṣàlàyé rẹ̀ fún un ni?"

Kíkẹ́lọmọ yíjú sí ọkọ rẹ̀.

Àkàndé ṣí Bíbélì.

"Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà."