Kéèkì Hinde, Kéèkì Tove

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Nakhman, máa ń wá kàwé pẹ̀lú Rábì Zalmen nílé rẹ̀ ní Jẹrúsálẹ́mù. Bí wọ́n bá kà á tán, àwọn ọmọbìnrin rábì méjèèjì á gbé kéèkì wá.

Hinde, èyí ẹ̀gbọ́n, ló máa ń ṣe kéèkì oyin. Á ti fara balẹ̀ gé e ní ilé ìdáná, á tò ó sínú àwo bí ojú ewé ìwé, nítorí kò fẹ́ kí àlejò máa wá ọ̀bẹ kiri. Tove àbúrò rẹ̀ kì í da ara rẹ̀ láàmú. Inú àpò ìyẹ̀fun àlìkámà kan náà ló ti ń bu tirẹ̀. Á ṣe é ní róbótó róbótó bí ìkúùkù, á dà á sínú abọ́, ó parí.

Nakhman á wo àwo méjèèjì. Á mú róbótó kan nínú ti Tove, á dijú, á súre: "Ìbùkún ni fún ọ, Olúwa Ọlọ́run wa, ọba ayé, tí ó dá onírúurú oúnjẹ." Gbogbo ilé á ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ni yóò tó na ọwọ́ sí ti Hinde, láìtún súre, nítorí ìbùkún àkọ́kọ́ ti kó o mọ́ra.

Láti kékeré ni Hinde ti gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀ pé bí irú oúnjẹ yìí méjì bá wà níwájú ẹni, èyí tí ọkàn ẹni fẹ́ jù ni à ń súre lé. Bàbá ṣì ń ṣàlàyé lọ lọ́jọ́ náà nígbà tí ìyá rẹ̀ pè é kó wá ro ọbẹ̀.

Inú ń bí Hinde. Ó fi oyin kún oyin. Ó fi èso àjàrà gbígbẹ sí i. Ó ra ọ̀bẹ tuntun, ó gé kéèkì náà tín-ín-rín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nakhman jẹ ẹ́, ó tún bù sí i, ṣùgbọ́n ti Tove ló kọ́kọ́ mú.

Lọ́jọ́ kan ó bi Hinde pé, "Ta ló ń gé èyí?"

"Èmi ni."

"Ṣé dandan ni kí o máa gé e?"

Hinde rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó gbé àwo rẹ̀, ó wọ ilé ìdáná lọ. Ojú ti Nakhman, ó tún ṣí ìwé rẹ̀.

Tove bá a ní ilé ìdáná. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún ti fajú ro. Ṣé kéèkì yín ló jóná ni?"

"Ìwọ tí tìẹ le bí òkúta, ṣebí òun ni wọ́n ń súre lé."

"Bóyá ìyà ló ń wu eyín rẹ̀ í jẹ."

Tove rẹ́rìn-ín. Hinde kò rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ kejì, ó ti wọ́ ibùsùn rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àbúrò rẹ̀.

Alárinà kan ti ń mú ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ní ìlú Háífà wá, atúnṣe-aago tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Hinde ti ń kọ̀ ọ́ tipẹ́. Lẹ́yìn Àjọ Ìrékọjá, ó lọ bá bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ sọ fún wọn pé mo gbà."

Rábì wò ó títí. "Mo rò pé ẹlòmíràn lò ń retí."

"Ẹni tí mò ń retí ti mú tirẹ̀ níwájú gbogbo wa."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé rábì, ṣùgbọ́n ó ránṣẹ́ sí alárinà.

Lọ́jọ́ àdéhùn ìgbéyàwó, ìyá Hinde àti ìyá ọkọ di àwo kan mú pọ̀, wọ́n là á mọ́lẹ̀. Bí àwo bá ti fọ́, àdéhùn kò ṣe é tú mọ́. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Hinde gbé kéèkì oyin rẹ̀ kalẹ̀ bó ṣe jáde láti inú ààrò. Ta ni yóò tún máa gé e fún? Tove gbé abọ́ tirẹ̀ tì í.

Nakhman pẹ́ kí ó tó dé, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo àfọ́kù àwo nílẹ̀, ó wo Hinde. Ó wá rìn lọ sí ìdí tábìlì. Ọwọ́ rẹ̀ kọjá lórí abọ́ Tove, ó gbé kéèkì oyin, ó dijú, ó súre lé e.

"Búrọ̀dá Nakhman," ni Tove wí, "kí ni tèmi ṣe fún yín lónìí?"

"Òfin ní kí odidi máa ṣáájú èyí tí a ti gé," ni Nakhman wí, tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára àfọ́kù àwo náà, "ó dìgbà tí méjèèjì bá wà lódindi kí ènìyàn tó lè súre lé èyí tí ọkàn rẹ̀ ti ń fẹ́ látọjọ́ yìí."