Fáànù Ọkọ̀ Kàdírì

Ọdún mẹ́rin ni Rùkáyàt fi kọ́ṣẹ́ wáyà ọkọ̀ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ládòkun ní Ìsẹ́yìn. Ìdánwò kan ló kù kó tó ṣe fírídọ́ọ̀mù. Fáànù éésì ọkọ̀ Kàdírì, oníṣòwò kajú ará Ìwéré-Ilé, kò fẹ́ dáadáa mọ́. Kó wá àrùn rẹ̀, kó sì wò ó sàn. Ní ṣọ́ọ̀bù náà, bí Ọ̀gá bá ti fọwọ́ kan iṣẹ́, tó sì ti sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kì í tún fọwọ́ tirẹ̀ kàn án wò. Ìyẹn á jọ pé wọ́n ń pe àgbà ní òpùrọ́.

Débọ́lá, tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀, ti yege lọ́sẹ̀ tó kọjá. Họ́ọ̀nù ni wọ́n fún un tún ṣe. Ó tẹ̀ ẹ́, ó dún, Ọ̀gá rẹ́rìn-ín.

Rùkáyàt yẹ fíúsì wò, kò jó. Ó fi mítà wọn iná tó ń dé ọ̀dọ̀ fáànù, iná pé. Ó tú abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Eruku pupa ti dí asẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá pa. Ó gbọ̀n ọ́n, ó fọ fáànù, ó dá gbogbo rẹ̀ padà. Ó ṣáná sí ọkọ̀. Atẹ́gùn fẹ́ sí i lójú.

Ọ̀gá wá, ó na àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún sí ihò atẹ́gùn.

“Ó ń pariwo, kò fẹ́.”

“Ó ń fẹ́ o, Ọ̀gá.”

“Ṣé ọwọ́ mi ló ń purọ́?”

“Rùkáyàt, lọ kọ́ irun dídì,” ni Débọ́lá wí.

Rùkáyàt tún tú u. Ó fi asẹ́ tuntun sí i. Ọ̀gá tún na ọwọ́.

“Kò fẹ́.”

Rùkáyàt fi aṣọ di kọ́ọ̀bù páànù tíì mú kúrò lórí iná, ó gbé e fún Ọ̀gá. Ọ̀gá fọwọ́ lásán gbà á.

“Ọwọ́ irin lọwọ́ Ọ̀gá,” ni Débọ́lá wí.

Rùkáyàt tú u lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tí Ọ̀gá tún sọ pé kò fẹ́, omi lé sí i lójú.

“Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ṣé torí pé obìnrin ni mí ni?”

Ọ̀gá yíjú sí i.

“Èmi ni o ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn? Wàá tún ọdún kan kọ́ sí i.”

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó wà ní ṣíṣí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ti irin ẹ́ńjìnnì tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìyálẹ̀ta, ó sì ń ka ẹ̀ṣẹ̀ Rùkáyàt sí i létí lọ́kọ̀ọ̀kan, títí òórùn ẹran sísun láti abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fi gba ṣọ́ọ̀bù, tí Débọ́lá fi wolẹ̀, tí Ọ̀gá sì bèèrè pé ta ló ń sun ẹran.